Ewé Tí Ọmọ Wa Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

  Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, yálà Karmo ní Àbújá ni ẹ fi ṣe ibùjókòó, tàbí Kàdúná, tàbí Jọ́ọ̀sì, tàbí Mìnà, tàbí Kánò, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kàn yín, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ tí ẹ ń tọ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀ baba yín. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní Àbújá ti di ará Àbújá, kò sì sí aburú kankan níbẹ̀. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ewé gan-an tí àwọn àgbà fi pa òwe náà, àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo wọ ọjà Karmo láti ra èlò ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọjà náà mọ̀ pé onírúurú ẹ̀yà ni ó ń pàdé níbẹ̀: àwọn Gbagyi onílẹ̀, tí àwọn obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù, àwọn Hausa, àwọn Ígbò, àwọn Tífí, àti àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire. Mo dúró níwájú màmá kan tí ó pàtẹ egbòogi. Bí mo ti ń nájà ìyèré lọ́wọ́ ni abilékọ kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn, ọmọbìnrin tí ó ti ń múra ìdánwò àṣejáde girama, sọ fún mi pé báyọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ tí òun fẹ́ràn jù lọ.

Inú mi dùn. Mo tọ́ka sí ìyèré, mo bi í pé kí ni. Ó ní, “Ata ni, sà.” Mo tọ́ka sí kànáfùrù. Àbúrò rẹ̀ yára dáhùn pé ìṣó kéékèèké ni. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìdì poroporo ọkà bàbà, àwọn méjèèjì wo ara wọn lójú, wọ́n ní igi ìdáná ni. Màmá elégbòogi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ní, “Ẹ má bínú sí wọn, sà. Àbújá la bí wọn sí.”

Èmi kò bínú sí wọn. Ta ni ó mú wọn mọ̀ ọ́n tí wọn kò fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọbìnrin náà kò mọ̀ ni pé ohun mẹ́ta tí mo tọ́ka sí yẹn, àti ẹ̀kẹrin wọn tí í ṣe igi osùn, ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pa pọ̀ tí wọ́n fi ṣe oògùn kan tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Idu ni, ní ìtòsí Karmo níbí, ládùúgbò tí àwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kàdúná.

ÌRORA FÒNÍKÚ-FỌ̀LADÌDE

Àìsàn tí wọ́n ṣe oògùn náà fún kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ọmọ tí ó dà bí ẹni tí yóò kú lónìí lè máa ṣeré kiri lọ́la. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Horo ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó pé a máa rí roboto, a sì máa rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè yọ́ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín jù lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jogún èròjà tí a ń pè ní S láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá, nígbàkúùgbà tí atẹ́gùn bá dínkù nínú horo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, horo náà yóò le, yóò sì tẹ̀ bí dòjé tí àgbẹ̀ fi ń kórè. Àwọn horo tí ó tẹ̀ bí dòjé wọ̀nyí a máa há sí ojú òpó. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé, ìrora gógó ni níbẹ̀.

Òbí tí ó bá ti jí lóru gbọ́ igbe ọmọ tí egungun ń ro, kò nílò àlàyé mọ́. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́rin ni ó ru èròjà S kan ṣoṣo láìṣàìsàn. Àwọn ni a ń pè ní AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó wà fún un láti jẹ́ SS. Kò sí àdúgbò Yorùbá ní òkè Ọya tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò sí.

EWÉ MẸ́RIN

Ní 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn tí a mọ̀ sí NIPRD sílẹ̀, Idu sì ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, ọmọ Yorùbá, Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, fi àgbo tí ó fi ń tọ́jú àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde han àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti ṣòro tó kí oníṣègùn la ẹnu sọ ewé tí ó ń lò, nítorí pé inú àṣírí náà ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Mélòó nínú àwọn baba wa ni ó ti gbé irú àṣírí bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ? Ọkùnrin yìí sọ tirẹ̀ síta, ilé-iṣẹ́ náà sì bá a ṣe àdéhùn pé yóò ní ìpín nínú èrè rẹ̀. Ewé mẹ́rin náà nìyí.

Èkínní ni ìyèré. Ìtàkùn ni, a máa fà gun igi nínú igbó tí ó tutù. Ìbátan ni òun àti ata dúdú tí àwọn òyìnbó ń bù sí oúnjẹ. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, pupa ni. Ìgbà tí ó bá gbẹ ni ó ń dúdú. Àwọn Hausa ń pè é ní masoro.

Ẹ̀kejì ni kànáfùrù. Ọmọ tí ó pè é ní ìṣó kò ṣìnà púpọ̀, nítorí bí ìṣó ni ó rí. Ṣùgbọ́n òdòdó tí kò tíì là ni. Wọ́n ń já a kí ó tó tanná, wọ́n sì ń sá a sí oòrùn. Àwọn erékùṣù kan ní Indonéṣíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú rin ìrìn-àjò: láti ẹnu àwọn Lárúbáwá ni ó ti wá. Kanumfari tí Hausa ń pè àti kànáfùrù tí àwa ń pè, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni osùn, tí a ń lọ̀ kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Bí a bá ṣá igi rẹ̀ lọ́gbẹ́, oje pupa ni ó ń sun bí ẹ̀jẹ̀. Etí pẹlẹbẹ yí èso rẹ̀ ká bí ìyẹ́ apá. Pterocarpus osun ni àwọn onímọ̀ ewéko gbogbo àgbáyé ń pè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti inú èdè Gíríìkì wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni èso abìyẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìwé ewéko ní Jámánì tàbí ní Japan, Yorùbá ni ó ń sọ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, bí ó mọ̀, bí kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ewé ọkà bàbà, tí àwọn ìyá wa ń se poroporo rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ọkà bàbà ti ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè Ọya mọ̀ ọ́n lóko dáadáa. Dawa náà ni.

BÍ WỌ́N TI DÁN AN WÒ

Àwọn onímọ̀ Idu kò gba ọ̀rọ̀ oníṣègùn náà gbọ́ lásán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ̀ ọ́ lásán. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́, nítorí pé òun gan-an ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé ewé tí a dárúkọ ni ewé tí a mú wá. Wọ́n wọn ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ti òní má baà yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi lọ àwọn aláìsàn.

Ìdánwò náà gba ọgbọ́n. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní ojúlówó oògùn. Wọ́n fún apá kejì ní ohun tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní ewé kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí ó ń lò, dókítà tí ó ń bẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n pààrọ̀ wọn. Èéṣe? Nítorí pé ìgbàgbọ́ ẹni tí ó mu oògùn lè mú kí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí ó yá, ojúsàájú dókítà náà sì lè mú kí ó rí ohun tí kò sí. Àwọn 82 ni ó kópa, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Àwọn tí ó lo ewé náà ní ìrora gógó tí kò pọ̀ tó ti àwọn tí kò lò ó. Oògùn náà kò wo àrùn náà sàn tán, kò sì sọ SS di AA, ṣùgbọ́n ó dín ìrora kù. Niprisan ni wọ́n pè é.

Àwọn àgbà wa ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú? Ewé mẹ́rin ni a pa pọ̀, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a sì ń wá. Ẹni tí ó pa òwe náà ti mọ̀ pé ó yẹ kí a tún oògùn yẹ̀ wò bí kò bá ṣiṣẹ́.

IBI TÍ BÀTÀ TI TA WÁ LẸ́SẸ̀

Ìtàn náà kò parí sí ibi tí ó dùn. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Xechem gba àṣẹ láti ṣe oògùn náà fún títà. Ní 2006, ó bọ́ sí ọjà ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Sheda ní agbègbè olú-ìlú níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú ọ̀pọ̀ ìdílé dùn. Kò pé ọdún mẹ́ta tí Xechem fi wọ gbèsè, tí ó sì lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 2008 láti kéde pé òun kò lè san án. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí àwọn òbí ti gbẹ́kẹ̀ lé di ohun tí a ń wá tì.

Kì í ṣe ewé ni ó já wa kulẹ̀. Igi osùn kò wọ gbèsè, ìyèré kò sá lọ. Ohun tí a kò ní tó ni àwọn ènìyàn: ẹni tí yóò gbin osùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kí a má baà gé èyí tí ó kù nínú igbó tán, ẹni tí yóò fi ojú lásán dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, ẹni tí yóò wá èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ewé mẹ́rin náà, ẹni tí yóò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò ní dojú dé. Inú àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí ni àwọn wọ̀nyí yóò ti wá. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ó ń pe poroporo ní igi ìdáná yóò ṣe dé ibẹ̀?

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan rè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé yìí tán kí ó lọ ra ewé mẹ́rin ní ọjà Karmo, kí ó pò wọ́n sínú ìkòkò fún ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀n tí a kò mọ̀ lè ṣe ìpalára. Ilé ìwòsàn ni ọmọ SS ti ń gba ìtọ́jú, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sá fún òtútù, kí a sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó pe ẹbí.

KÌ Í ṢE IDU NÌKAN

Bí ẹnìkan bá rò pé orí ni ó ṣe é fún àwọn ará Idu, kí ó wo ẹ̀yìn wò. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti ẹnìkejì rẹ̀, Isaacs, ń yẹ orin àta wò, orin tí àwọn baba wa fi ń rin ẹnu láràárọ̀. Bóyá orin náà ń pa kòkòrò ẹnu ni wọ́n ń wá, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú àwo tí wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò pa àwọ̀ dà bí ó ti yẹ. Pupa ni ó dúró sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wádìí rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n sì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1971 pé omi gbòǹgbò orin àta ń mú kí àwọn horo tí ó ti tẹ̀ padà sí roboto nínú ìgò ìwádìí. Ẹni tí kò bá la ojú sílẹ̀, ìdọ̀tí ni ì bá pè é, ì bá sì dà á nù. Ní Port Harcourt pẹ̀lú, òtílí tí a ń sè jẹ bí ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe Ciklavit fún àìsàn yìí kan náà.

Nílẹ̀ China, obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà. Ó ka ìwé àtijọ́ tí a ti kọ ní ohun tí ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé náà ní kí a rẹ ewé kan sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò sọ pé kí a sè é. Ó wá yé obìnrin náà pé iná ni ó ń ba oògùn jẹ́. Ó yọ oje ewé náà láìjẹ́ kí ó gbóná púpọ̀, ó sì rí ohun tí ó ń wá ní 1972. Láti inú rẹ̀ ni oògùn ibà tí a ń lò káàkiri Nàìjíríà lónìí ti jáde, òun sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìmọ̀ àgbà àti ojú tí ó mọ ewé wò ni ó pàdé.

OJÚ TÍ KÒ RÍ EWÉ

Àwọn olùkọ́ méjì ní Amẹ́ríkà, James Wandersee àti Elisabeth Schussler, kọ̀wé ní 1999 nípa ohun kan tí wọ́n pè ní àìrí ewéko. Wọ́n ní bí a bá fi àwòrán igbó han ènìyàn, tí ẹranko kan wà nínú rẹ̀, ẹranko ni yóò sọ pé òun rí. Igi tí ó gba gbogbo àwòrán náà yóò dà bí ẹni pé kò sí. Ọmọ wa mọ kìnnìún tí kò rí rí, kò mọ igi tí ó ń sá sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀.

Ìdálẹ̀ tún dá kún un. Kí a tó fi òfin sọ Àbújá di olú-ìlú ní 1976, oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí. Bí àwọn Gbagyi bá ń ṣán oko, wọn kì í gé igi igbá tí a fi ń ṣe irú, wọn kì í sì gé igi tí ń so òrí. Igi wọ̀nyẹn ń di títì, wọ́n ń di ilé. Ilé dára, títì dára; ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí igi igbá rí yóò rò pé inú ọ̀rá ni irú ti ń hù.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ṣebí ilé-ìwé ń kọ́ wọn?” Ilé-ìwé ń kọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ara pátákó ni òdòdó ti ń tanná. Ọmọ á mọ orúkọ apá òdòdó mẹ́fà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní já òdòdó kan wò láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù títí di ìparí rẹ̀.

OHUN TÍ ỌMỌ LÈ FI OJÚ ARA RẸ̀ RÍ

Kò gba owó. Ẹ wá ewé àbámọdá kan, ẹ fi lélẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù níbi tí oòrùn kò pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ kéékèèké yóò yọ ní etí ewé náà, olúkúlùkù pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín pé, “Níbo ni irúgbìn rẹ̀ wà?” Ẹ jẹ́ kí ó ronú.

Ẹ fi àpò ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ bo ẹ̀ka igi eléwé kan ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, omi yóò ti dà sínú ọ̀rá náà. Gbòǹgbò ni ó mu omi náà láti inú ilẹ̀, ewé sì mí in jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí tí abẹ́ igi fi ń tutù ju abẹ́ páànù lọ.

Ẹ gbé ẹ̀wà kan sáàárín ìgò àti òwú tútù. Nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti yọ, ẹ dojú ìgò náà dé ní ìgbẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbòǹgbò yóò yí padà, yóò tún máa wá ilẹ̀ lọ. Ta ni ó sọ fún un pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀?

Bí ẹ bá rí patanmọ́ lẹ́bàá gọ́tà, ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ kàn án. Àwa tí a dàgbà nílé ti fi ṣeré títí, ṣùgbọ́n àwa kò béèrè ìdí rẹ̀. Oríkèé kan wà ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, omi ni ó kún inú rẹ̀ tí ó fi dúró gbọn-in. Bí a bá fọwọ́ kàn án, omi náà a yára kúrò ní apá kan, ewé a sì pa dé.

ÌWÉ ÌRÒYÌN YÌÍ NÁÀ NÍ IṢẸ́ LÁTI ṢE

Ohun tí ó kẹ́yìn ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ní Ìbàdàn, ní Jẹ́ríkò, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní ilé kan tí wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sí, ó lé ní 100,000. NIPRD ní irú rẹ̀ tirẹ̀ ní Idu níbí. Ewé kọ̀ọ̀kan ni a lẹ̀ mọ́ páálí, tí a kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí a ti já a, ọjọ́ tí a já a, àti ẹni tí ó já a. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ewé kan, ibẹ̀ ni a ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ lè ní kí ni a fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe nígbà tí a ti ní orúkọ. Ẹ gbọ́ èyí: koríko kan wà tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ó bo oko gbogbo mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ewé kan náà ni! Bí ẹni tí ó ń pè é ní Akíntọ́lá bá kọ̀wé oògùn sí ẹni tí ó ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ìjà ni yóò dé. Ewé gbígbẹ tí ó wà lórí páálí ni yóò parí rẹ̀.

Ọmọ yín lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kí ó já ẹ̀ka kékeré tí ó ní ewé, kí ó sì ní òdòdó tàbí èso. Kí ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ó gbé ohun tí ó wúwo lé e, kí ó máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí ewé yóò fi gbẹ. Kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó béèrè ti Hausa lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó béèrè ti Gbagyi lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí ó mọ igbó yìí ju gbogbo wa lọ, kí olùkọ́ rẹ̀ sì bá a wá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Kí ó má ṣe fi ewé tí kò mọ̀ kan ẹnu, kí ó má sì wọ oko olóko. Ẹ̀yin olùkọ́ Karmo, ẹ kọ lẹ́tà sí Idu, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ mú àwọn ọmọ wá wòran. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ yà sí ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ọmọ tún jókòó ti ìyá àgbà, kí ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ ewéko. Kí n tó kúrò ní ọjà ọjọ́ náà, mo ra poroporo kan, mo fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, mo sì ní kí ó mú un lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo pupa inú rẹ̀ pẹ́. Ó bi mí pé, “Sà, kí ni ó mú un pọ́n?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí ẹ bá ti ka ojú-ewé yìí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi di àkàrà. Ẹ fi gbẹ ewé. Ó dìgbà.